Ṣòkòtò ọdẹ tí kì í pariwo, tí kò sì gbówó lórí: níbo ni kí n ti rí i ní Èkó?

Àkànbí_Muṣin · Ọjọ́ Ajé, aago 8:02 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Muṣin ni mò ń gbé, iṣẹ́ wáyà iná ni mò ń ṣe. Ọdẹ ni bàbá àgbà mi nígbà ayé wọn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n nínú àwa ọmọ-ọmọ, kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé wọn wọ igbó rí. Láti bí oṣù mẹ́ta, àbúrò bàbá mi ti ń mú mi lọ sí ẹ̀yìn Ẹ̀pẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Ìbọn ò tíì kàn mí. Èmi ni mò ń gbé àpò, èmi ni mò ń tan tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n bá ní kí n tàn án.

Ṣòkòtò ni ìṣòro mi. Jíńsì ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Ìrì mu ún yó láti orúnkún dé ilẹ̀, ó wúwo bíi kí n ru korobá omi sí ẹsẹ̀ méjèèjì, a padà délé láàárọ̀ kò tíì gbẹ. Ìgbà kejì, mo wọ irú èyí tó ń dán tí àwọn eléré ìdárayá máa ń wọ̀. Ìyẹn fúyẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbésẹ̀ mi ló ń ké: ṣíọ̀, ṣíọ̀, ṣíọ̀. Àbúrò bàbá mi dúró, wọ́n yíjú sí mi nínú òkùnkùn, wọ́n ní, "Ta lẹ jọ ń bọ̀?"

Mo ti wo ti àwọn òyìnbó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n dìídì rán fún ẹni tó ń dọdẹ àgbọ̀nrín. Owó ẹyọ kan tó owó tí mò ń san fún yàrá mi fún oṣù mẹ́rin. Owó tó wà lọ́wọ́ mi ò ju ₦20,000 lọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Sàlámì_Agége · 8:09

Ohun tá à ń wá lọ sí Sókótó…

Ìyá_Ìbejì_Yábà · 8:10

A ti mọ̀ pé ẹnì kan máa pa òwe yẹn. Ẹ ti pa á, ó ti tó. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀.

Ọdẹ_Òṣòdì · 8:47

Àrìnpa o, àbúrò. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń ti Èkó yìí lọ sígbó, àwọn ṣòkòtò tí mo ti fi ṣòfò pọ̀ ju ọta tí mo ti fi ṣòfò lọ. Má bẹ̀rẹ̀ látorí àwọ̀. Má bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ tí wọ́n kọ sídìí ẹ̀. Etí ni kó o fi ra ṣòkòtò. Tó o bá dé ọjà, gbé aṣọ náà sẹ́bàá etí rẹ, fi èékánná ha á. Bó bá dún bí ìgbà tí wọ́n ń ya bébà, dá a padà fún wọn. Tí kò bá dún, fi ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ra èkejì. Èyí tó dára, ohùn ẹ̀ kò ní ju ti àtẹ́lẹwọ́ méjì tó ń ra ara wọn lọ. Bí ẹni tó ń tà á bá fi ẹ́ ṣẹ̀sín, kó máa fi ẹ́ ṣẹ̀sín.

Lẹ́yìn ìyẹn, lóṣòó. Mo ní kó o lóṣòó níbẹ̀, lójú ọjà, láàárín èrò. Gbé orúnkún sókè títí táá fi bá ìbàdí dọ́gba. Bí abẹ́ ṣòkòtò bá mú ẹ, tàbí tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá fà sílẹ̀ débi pé gbogbo ọjà ń wo ìdí rẹ, kì í ṣe tìẹ. Ọdẹ kì í rìn bí ẹni tó ń lọ sí ọ́fíìsì. Igi á wó dí ọ̀nà, wàá gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ẹ̀. Ẹran á dúró, wàá wà lóṣòó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìmira. Àwọn bàbá wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi ń rán àyè sí abẹ́ ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n má tìtorí ẹ̀ lọ wọ kẹ̀ǹbẹ̀ o, gbogbo igi igbó ló máa fà ọ́ lẹ́sẹ̀. Èyí tó láyè ní itan, tó wá ń há bọ̀ bọ̀ títí dé ọrùn ẹsẹ̀ bíi sóóró, òun ni kó o wá.

Jíńsì, fi sílẹ̀ fún òde Sátidé.

Àkànbí_Muṣin · 8:55

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Lílóṣòó ní ọjà Ojúwòyè, àwọn ọmọ àdúgbò mi á ya fídíò mi.

Yábàtẹ́ẹ̀kì_Aṣọ · 9:14

Ohun tí ẹ̀gbọ́n fi etí mọ̀, iṣẹ́ aṣọ tí mo kọ́ jẹ́ kí n mọ ìdí ẹ̀. Òwú fẹ́ràn omi. Bó ṣe wà nínú afẹ́fẹ́ lásán, tí òjò ò rọ̀, tí ìrì ò sẹ̀, òwú tó wọn gíráàmù 100 á ti fa omi bíi gíráàmù 8 mọ́ra. Pọ́líẹ́sítà, ìyẹn fọ́nrán oníke tí wọ́n fi ń hun aṣọ, ò ní fa tó ìdajì gíráàmù kan. Jíńsì wá jẹ́ òwú látòkè délẹ̀, ó tún nípọn. Bó bá ti mu omi, ó di ọjọ́ kejì.

Pọ́líẹ́sítà nìkan náà ní àléébù tiẹ̀. Ó máa ń dún, òógùn máa ń sọ ọ́ di olóòórùn kíákíá. Bí iná bá sì ta sí i, kì í jó bí òwú ṣe ń jó, yíyọ́ ló máa ń yọ́ mọ́ awọ èèyàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo ṣakabùlà, ẹ mọ bí ẹ̀tù ìbọn ṣe máa ń ta iná. Àwọn aṣọ onírun rọ̀bọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní fleece ò dún rárá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ rìn wọ inú eèmọ́ pẹ̀lú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá sọ fún mi iye wákàtí tẹ́ ẹ fi ń yọ ọ́.

Èyí tó wà láàárín ni kí Àkànbí wá: òwú àti pọ́líẹ́sítà tí wọ́n hun pọ̀. Ẹ wo ìwé pélébé tó wà nínú ìbàdí ṣòkòtò. Bí ẹ bá rí 65% polyester, 35% cotton, ẹ ti sún mọ́ ibi tá à ń lọ. Fjällräven, ilé-iṣẹ́ ará Sweden tí àwọn tó ń rin igbó fẹ́ràn, irú aṣọ yẹn gan-an ló fi ń rán èyí tó ń tà lówó gọbọi. Irú ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà.

Sùúrùlérè_Òkèòkun · 9:40

Èmi ti dọdẹ àgbọ̀nrín lọ́hùn-ún rí. Mo gbé Sìkọ́tílándì fún ọdún mẹ́rin, ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló máa ń mú mi lọ. Kí n tó sọ nípa ṣòkòtò wọn, ẹ jẹ́ kó yé wa pé àgbọ̀nrín tiwọn kọ́ ni tiwa. Ìwo akọ tiwọn máa ń já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn á sì hù dípò ẹ̀. Ìgalà tiwa, ìwo tó bá hù ní orí ẹ̀, òun náà ló máa bá kú.

Igbó wọn náà yàtọ̀. Òkè ni, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí igi, abẹ́ ewéko kún fún omi. Wọn kì í rìn bá ẹran, àyà ni wọ́n fi ń wọ́ lọ bá a nínú ẹrọ̀fọ̀, nínú òtútù. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà wọn fi ń wọ irun àgùntàn tí wọ́n ń pè ní tweed: bó bá mu omi náà, ó ṣì máa ń móoru, kì í sì í dún. Ilẹ̀ ọdẹ kọ̀ọ̀kan tiẹ̀ ní tiẹ̀, wọ́n á hun ún kí àwọ̀ ẹ̀ bá àwọ̀ òkè ibẹ̀ mu. Ṣòkòtò náà ò gùn, ìsàlẹ̀ orúnkún ló ń dé, ìbọ̀sẹ̀ gígùn ló máa ń bo ìyókù. Mo bi wọ́n léèrè ìdí ẹ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó gùn ló máa ń kọ́kọ́ mu omi, òun ló sì máa ń wúwo jù.

Má ṣe ra ìyẹn o! Tó o bá wọ irun àgùntàn ní Ẹ̀pẹ́ nínú oṣù Kẹta, wàá sè tán kí ẹran tó dé. Àwọn ṣòkòtò olówó ńlá tó o rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín tí kì í jẹ́ kí òjò wọlé, ṣùgbọ́n tó ń jẹ́ kí ooru òógùn jáde. Lọ́hùn-ún, ó ń ṣiṣẹ́ torí pé ìta tutù, ó sì gbẹ ju inú ṣòkòtò lọ. Níbi tí afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀ ti kún fún omi bíi tiwa, ibo ni ooru náà fẹ́ gbà jáde? Inú ṣòkòtò náà ló máa kóra jọ sí. Awọ yẹn náà sì máa ń jẹ́ kí aṣọ dún.

Ọdẹ_Òṣòdì · 9:52

Ọ̀rọ̀ ṣòkòtò péńpé yẹn, àwọn àgbà tiwa náà wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n lóde òní, ẹni bá gbé ojúgun lásán wọ inú labẹlábẹ, ojú ẹ̀ á rí nǹkan. Kí á má tíì dárúkọ wèrèpè. Kí á má tíì dárúkọ eégbọn. Ìjàlọ wọ inú ṣòkòtò mi lọ́dún kan, ibi tí mo ti bọ́ ọ, tí mo sá dé, mi ò ní í sọ ọ́ níbí torí Ìyá Ìbejì wà níbẹ̀.

Ṣòkòtò gígùn ni, kó wọ inú ìbọ̀sẹ̀, kí ìbọ̀sẹ̀ wọ inú bàtà róbà. Bàtà yẹn ni ti paramọ́lẹ̀. Kò sí ṣòkòtò tó ń dá eyín ejò dúró, ẹni tó bá sọ fún ẹ pé ó wà ń tajà ni.

Ìyá_Ìbejì_Yábà · 9:58

Ẹ sọ ọ́, mo ti gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdẹ ni mo fẹ́.

Béèlì_Kàtàńgúà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Òkìríkà ni mò ń tà ní Kàtàńgúà, lápá Abúlé Ẹ̀gbá. Àkànbí, ₦20,000 rẹ pọ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyà jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi wá léèrè "ṣòkòtò ọdẹ". Bẹ́ ẹ bá ti dárúkọ ẹ̀ báyìí, owó ti gun òkè. Ẹ ní ṣòkòtò iṣẹ́ lẹ̀ ń wá. Àwọn káfíńtà àti àwọn tó ń rẹ́ igi nílẹ̀ òyìnbó máa ń wọ irú kan tí wọ́n rán aṣọ ní ìlọ́po méjì sí orúnkún ẹ̀. Àwọn èèyàn ò fẹ́ràn ẹ̀ níbí torí kò ṣeé wọ lọ òde, nítorí náà ó máa ń pẹ́ lórí ilẹ̀, a sì máa ń fẹ́ kó kúrò níwájú wa. ₦5,000 lè gbà á bó o bá mọ̀ ọ́n ná. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ti ọdẹ gidi máa ń bọ́ sínú béèlì, àwọ̀ ewéko tó ṣú, àpò ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan. Ẹni tó ń tà á gan-an kì í mọ ohun tó jẹ́.

Àárọ̀ kùtù ni kó o wá, lásìkò tí wọ́n ń ṣí béèlì. Bí oòrùn bá ti là, àwọn tó ń rà á lọ tà ní Yábà ti ṣa gbogbo fẹ́ẹ̀sì gíréèdì lọ. Tó bá jẹ́ Àswánì lápá Ìsọlọ̀ ló sún mọ́ ẹ láti Muṣin, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà wọn.

Ohun tí mo fi ń yẹ ọjà mi wò nìyí. Mo máa ń na ṣòkòtò sójú oòrùn, mo sì máa ń wo orúnkún, ìdí àti abẹ́ ẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń wọlé, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ya. Màá yí inú ẹ̀ síta, màá fi ìka méjì fa ojú ibi tí wọ́n rán. Màá ṣí síìpù, màá pa á dé, nígbà mẹ́wàá. Àwọn míì ní nǹkan tó máa ń lẹ̀ mọ́ra lẹ́nu àpò, tó máa ń dún fàààà téèyàn bá ṣí i. Ìyẹn máa lé ẹran dé Ìjẹ̀bú Òde. Ẹ jẹ́ kí télọ̀ tú u, kó fi bọ́tìnnì síbẹ̀. Bí ìlà dídán bá wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, irú tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ojú títì máa ń ní, ẹ tú òun náà.

Sàlámì_Agége · 7:05

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ara mi kún un, kí Àkànbí má baà ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe. Mo rí ọ̀kan nínú béèlì rí, aláwọ̀ ewé-ewé bíi ti sójà, aṣọ ẹ̀ le dáadáa, kò dún, owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Mo wọ̀ ọ́ láti ilé, mo wọ bọ́ọ̀sì. Wọ́n dá ọkọ̀ wa dúró lójú ọ̀nà. Ẹnì kan wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Bọ́ ọ." Mo ní kí n bọ́ kí ni? Ó ní ṣòkòtò náà. Aṣọ ìpọ̀nmọ́ obìnrin kan tó ṣàánú mi ni mo ró délé.

Alábòójútó · 7:31

Sàlámì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Òfin Nàìjíríà ò gba kí ẹni tí kì í ṣe ológun wọ aṣọ ológun tàbí ohun tó bá fara jọ ọ́, ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbéni dé ẹ̀wọ̀n ni. Ibi yòówù kí béèlì ti wá, ẹ fi àwọ̀ yẹn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún rán wa létí: ìbọn gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, ìgbẹ́ olóko tó bá gbà yín láàyè ni kẹ́ ẹ wọ̀. Kì í ṣe igbó ìjọba Ọmọ, kì í ṣe ọgbà ẹranko igbó Ọ̀yọ́ Ilé. Akika sì wà lára àwọn ẹran tí òfin dáàbò bò. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Àkànbí_Muṣin · 12:40 ọ̀sán

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n alábòójútó. Ìgbẹ́ ìyá àbúrò bàbá mi ni a máa ń lọ, ìwé ìbọn wọn sì pé. Tí ti sójà kò bá ṣeé wọ̀, àwọ̀ wo ni kí n wọ̀?

Ìyá_Ìbejì_Yábà · 12:58

Èmi ò mọ̀ nípa àwọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Ọkọ mi ní mi ò gbọdọ̀ fi ọṣẹ oníyẹ̀fun fọ aṣọ igbó òun, mi ò gbọdọ̀ fi búlúù sí i, kò sì gbọdọ̀ wọ inú àpótí tí kánfọ̀ wà. Ọṣẹ dúdú nìkan. Ọdún kẹsàn-án rèé, mo ṣe bí èèwọ̀ ọdẹ ni. Ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀?

Yábàtẹ́ẹ̀kì_Aṣọ · 1:20 ọ̀sán

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, màmá. Ó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọṣẹ oníyẹ̀fun ní èròjà kan tó ń mú kí aṣọ funfun máa tàn. Ó ń gba irú ìtànṣán oòrùn kan tí ojú àwa èèyàn ò lè rí, ó sì ń sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró. Nígbà tí wọ́n dán ojú àgbọ̀nrín Amẹ́ríkà wò, wọ́n rí i pé àwọ̀ aró gan-an ló ń rí jù. Ó sì lè rí díẹ̀ nínú ìtànṣán tí àwa ò rí yẹn, torí pé ẹyin ojú tiwa ń dí i lọ́nà, tiẹ̀ kì í dí i. Pupa àti àwọ̀ ọsàn ni kò lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé. Bí ojú ọ̀pọ̀ ẹran tó ní pátákò lẹ́sẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

Àkànbí, jíńsì rẹ wá dá ẹ̀ṣẹ̀ méjì: ó wúwo, ó tún jẹ́ aláwọ̀ aró. Wọ àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ ewé gbígbẹ, tàbí àwọ̀ ewéko tó ṣú. Bó o bá rí òkìríkà tó dára àmọ́ tí àwọ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, àwọn aládìrẹ ní Abẹ́òkúta máa ń fi obì pa aṣọ láró kó lè dà bí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n òwú inú ẹ̀ nìkan ló máa gbà á.

Baálẹ̀_Ìsàlẹ̀Èkó · 1:44

Ẹ dúró ná. Aṣọ aláró ni àwọn ọdẹ tí mo bá láyé wọ̀. Wọ́n sì pa ẹran, a sì jẹ ẹ́.

Ọdẹ_Òṣòdì · 2:10

Wọ́n pa á, bàbá. Òru ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣọdẹ, iná kàbáídì wà lórí wọn, ojú ẹran ni wọ́n ń wò tó ń dán. Aṣọ aláró tó ti pẹ́ nígbó ti dúdú, ẹrẹ̀ ti bò ó, kò sí ọṣẹ oníyẹ̀fun kankan lára ẹ̀. Wọ́n sì mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ẹni tó bá dúró sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba ara ẹ̀ kọjá lọ bá ẹran, kó wọ ewé gidi sára, ẹran ti gbóòórùn ẹ̀.

Nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ Yábà yìí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání. Bí ẹran ò bá mọ àwọ̀ ọsàn yàtọ̀ sí ewé, àwa ọdẹ mọ̀ ọ́n. Àkànbí, wá aṣọ aláwọ̀ ọsàn bí ìbú ọwọ́, so ó mọ́ fìlà rẹ tàbí apá rẹ. A ti gbé ọdẹ bọ̀ láti igbó rí tó jẹ́ pé ọdẹ ẹgbẹ́ ẹ̀ ló yìnbọn fún un. Ó fara pamọ́ fún ẹran, ó tún fara pamọ́ fún wa.

Àkànbí_Muṣin · 2:31

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára gan-an, ẹ̀gbọ́n. Màá so ó.

Ìyá_Aránṣọ_Ebútẹ́Mẹ́tà · 9:03 alẹ́

Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń bọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka gbogbo rẹ̀ ni. Kí ló dé tí ẹ̀ ń rán ọmọ yìí kiri gbogbo béèlì Èkó? Kó rán an! Àwọn àgbà ní òfì laṣọ àgbà, kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, àgbà tí ò lófì, kó rọ́jú ra kíjìpá. Kákí ni kíjìpá ayé ìsinsìnyí.

Ọmọ mi, lọ sí Balógun, ní kí wọ́n fún ẹ ní kákí tí wọ́n fi ń rán aṣọ iṣẹ́, èyí tí òwú àti pọ́líẹ́sítà jọ wà nínú ẹ̀. Bí ìbú ẹ̀ bá jẹ́ íǹṣì 60, yáàdì méjì tó ẹ, àwọn ibi tá a máa rán ní ìlọ́po méjì wà nínú ẹ̀. Bó bá sì dún lẹ́bàá etí rẹ bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe wí, sún sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Má gbé e wá fún télọ̀ bẹ́ẹ̀. Rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, sá a gbẹ. Òwú inú ẹ̀ á sún kì, kó sún kì kí n tó gé e sàn ju kó sún kì sí ẹ lára lọ. Rírẹ yẹn tún máa fọ táàṣì ara ẹ̀ kúrò. Táàṣì yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí kákí tuntun máa dún gbàkàgbàkà.

Ohun tí wàá sọ fún ẹni tó bá máa rán an, bí kì í bá ṣe èmi: kó rán aṣọ kékeré onígun mẹ́rin sí abẹ́ ṣòkòtò, níbi tí ojú rírán mẹ́rin ti pàdé. Gbogbo ṣòkòtò tí wọ́n ń gbé wá fún mi láti tún ṣe, ibẹ̀ yẹn ló ti ya. Aṣọ yẹn á gbé ojú rírán kúrò níbi tí agbára wà, wàá sì lè gbé ẹsẹ̀ bó ṣe wù ẹ́. Kó ká etí aṣọ méjèèjì wọ inú ara wọn, kó rán an lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe wà lára jíńsì. Kó lo òwú pọ́líẹ́sítà, torí òógùn máa ń jẹ òwú lásán. Kó rán aṣọ kejì sí orúnkún àti ìdí, ṣùgbọ́n kó fi ìsàlẹ̀ ti orúnkún sílẹ̀ láìrán pa, kí iyanrìn àti koríko tó bá wọ ibẹ̀ lè ríbi jáde. Bọ́tìnnì ni kó fi ṣe iwájú, bọ́tìnnì oníke, kí irin má lọ máa kọ lu ìbọn. Kò gbọdọ̀ ṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ síta, èso koríko máa ń kún ibẹ̀. Kó fi okùn sínú ìṣẹ́tí kó o lè fà á mọ́ ọrùn ẹsẹ̀.

Télọ̀ tó bá ní òun ò ní í rán aṣọ onígun mẹ́rin yẹn torí pé ó ń gba àkókò, gbé aṣọ rẹ kúrò níbẹ̀.

Béèlì_Kàtàńgúà · 9:15

Màmá ti gba oníbàárà mi lọ.

Sùúrùlérè_Òkèòkun · 9:22

Ṣé mo lè fi ìkan sí i? Lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń fi ìda oyin àti ìda àbẹ́là pa irú aṣọ yẹn kí omi má baà tètè wọ̀ ọ́. Wọ́n á fi ra á lára, wọ́n á fi áyọ́ọ̀nù tó gbóná díẹ̀ yọ́ ọ wọ inú aṣọ. Iwájú ẹsẹ̀ nìkan ni kó o ṣe, láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, níbi tí ìrì ti ń kàn ẹ́. Tó o bá pa gbogbo ẹ̀, ooru á pa ẹ́. Má tún pa á nípọn jù, aṣọ tí ìda pọ̀ lára ẹ̀ máa ń le, yóò sì máa dún.

Àkànbí_Muṣin · Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo padà wá jẹ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán mi.

Mo ra kákí aláwọ̀ ilẹ̀ ní Balógun, yáàdì méjì, ₦8,000. Ṣọ́ọ̀bù kẹta ni mo ti rí èyí tí kò dún. Nínú ìkejì, obìnrin tó ń tà á bi mí bóyá etí ló ń dùn mí. Mo rẹ ẹ́, mo sá a, mo gbé e lọ bá Màmá ní Ebútẹ́ Mẹ́tà. ₦7,000 ni wọ́n gbà, wọ́n sì lu ọwọ́ mi nígbà tí mo ní kí wọ́n fi síìpù sí i. Òwú, bọ́tìnnì àti okùn jẹ́ ₦1,200. Ó ku owó tí mo fi ra ọṣẹ dúdú àti àbẹ́là méjì. Ìda oyin, àbúrò bàbá mi ló bá mi wá a.

Àná la lọ. Ìrì sẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni ẹsẹ̀ ṣòkòtò ti gbẹ. Mo lóṣòó títí ẹsẹ̀ fi kú mọ́ mi lára, abẹ́ ẹ̀ kò mú mi. Ibi kan ṣoṣo tó dùn mí ni àpò ẹ̀yìn. Bọ́tìnnì ẹ̀ ń gún mi tí mo bá jókòó. Màmá, mo ń gbé e bọ̀.

Lọ́wọ́ ìdájí, àbúrò bàbá mi na ọwọ́, a dúró. Ìgalà ni, abo kọ́, ó ń jẹ ewé létí àbàtà, afẹ́fẹ́ ń ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ bọ̀ sọ́dọ̀ wa. A sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ bíi kó tó ìdajì wákàtí. Kò gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ti gbé ìbọn sókè báyìí.

Ọdẹ_Òṣòdì · 4:18

Ẹ̀n ẹ́n?

Àkànbí_Muṣin · 4:20

Ṣòkòtò náà ò dún o, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo wúkọ́.